Ògiri Tó Ń Dá Ọmọ Lóhùn: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ibi tí àwọn òbí ti ń gbé ọmọ dúró de dókítà, ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ni iṣẹ́ yìí wà: àwòrán tí prọ̀jẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, ń tàn sára ògiri, tó sì ń dá ọmọ lóhùn bó bá na ọwọ́ sí i. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 9, ó fẹ̀ ní mítà 5, síìlì rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Bẹ́ǹṣì onígi ló yí i ká lápá mẹ́ta. Ògiri tó kù kò ní fèrèsé, ibẹ̀ la sì yàn fún àwòrán. Yàrá abẹ́rẹ́ kò jìnnà: láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ kò ju mítà 4 lọ. Bí ọmọ kan bá figbe ta níbẹ̀, gbogbo ọmọ tó wà níta ló máa gbọ́, àwọn tí kò tíì kàn á sì ti máa sunkún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Tẹlifíṣọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà kì í wò ó, torí pé bóyá ọmọ náà wò ó tàbí kò wò ó, bákan náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ lọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á ki nǹkan bọ̀ ọ́ lábíyá, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́. Ohun tó lè mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni kí òun náà ṣe nǹkan, kí nǹkan ọ̀hún sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Lórí èyí ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. A tún fi kún un pé kí ìdáhùn náà máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má sọ ọ́ di eré àsápajúdé, nítorí ọmọ tó bá ti sáré títí tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ kò rọrùn fún nọ́ọ̀sì láti wọn ìmí rẹ̀.

Ní ọdún 2012, Jason Bruges Studio, ilé iṣẹ́ ọnà kan, ṣe irú iṣẹ́ yìí kan sí ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ọmọ gbà lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Iná LED ló wà lẹ́yìn bébà ara ògiri, ẹranko igbó á sì máa yọ bí ọmọ bá ṣe ń kọjá. Wọ́n gbé àwọn ẹranko náà sí ìwọ̀n gíga oríṣiríṣi, kí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn, èyí tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àti èyí tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lè rí tiwọn. Ọ̀rọ̀ gíga yìí la mú lò. LED lẹ́yìn bébà kò bá agbára wa mu, pàápàá tí ògiri búlọ́ọ̀kù bá ti gba sìmẹ́ńtì tán, nítorí náà prọ̀jẹ́tọ̀ la lò.

Ohun èlò

- Prọ̀jẹ́tọ̀ short-throw oníná lésà kan, lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 3,000, àwòrán píkísẹ́lì 1280 × 800 (píkísẹ́lì ni ẹyọ àmì kéékèèké tó di àwòrán), ìwọ̀n throw 0.5. Ìtumọ̀ ìwọ̀n yẹn ni pé mítà kan tí àwòrán bá fẹ̀, ìlàjì mítà ni lẹ́ǹsì yóò fi jìnnà sí ògiri. Ẹ má ra èyí tó ń lo gílóòbù. Gílóòbù rẹ̀ máa ń gbóná janjan, fáànù inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tù ú lẹ́yìn tí a bá pa á. Níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, fáànù á dúró kó tó tutù, gílóòbù kò sì ní pẹ́ kú.
- Kinect ti ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 kan, tokunbọ̀, nọ́ńbà 1414. Òun ni ojú tí a fi ń rí ọmọ. Abẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà náà wà. Èyí tó jẹ́ 1473 náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń yọni lẹ́nu díẹ̀ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa.
- Adápítọ̀ Kinect, fóòtì (volt, ìwọ̀n iná) 12. Ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ kì í bá a wá, nítorí Xbox 360 tó dé lẹ́yìn máa ń fún un ní iná tààrà. Láìsí i, Kinect kò ní jí.
- Raspberry Pi 4 (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí gbogbo rẹ̀), mẹ́mọ́rì 4 GB, nínú àpótí alumíníọ̀mù, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ gan-an (fóòtì 5, ámpíà 3). Ṣájà fóònù lásán á jẹ́ kó máa kú tó ń jí.
- Mẹ́mọ́rì káàdì 32 GB mẹ́ta.
- Ìnfátà pure sine wave 1 kVA, bátìrì líthíọ̀mù fóòtì 25.6, ámpíà-wákàtí 100, àti sítébíláísà kan.
- Sípíkà wáàtì 3 méjì, bọ́tìnì ńlá kan, resistor 1 kΩ kan àti capacitor 100 nF kan (ẹ̀yà iná kéékèèké fún bọ́tìnì), wáyà mítà 8.
- Pákó 2-by-4 méjì, páìpù irin íǹṣì 1½, bóòtù 10 mm, páìpù PVC mìlímítà 20 fún wáyà.
- Pẹ́ńtì ẹmọ́ṣọ̀n funfun tí kò dán, lítà 4, àti sáńdípépà nọ́ńbà 120.

Prọ̀jẹ́tọ̀ àti bátìrì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Raspberry Pi àti prọ̀jẹ́tọ̀, Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn ni ẹ ó ti rí wọn. Pákó, páìpù àti pẹ́ńtì kò ju ká rìn dé Tákìé lọ.

Ògiri

Pẹ́ńtì gloss ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó ṣe wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nítorí pé ó rọrùn láti nù. Gloss kò ṣeé tàn àwòrán sí: ojú lẹ́ǹsì á hàn lára rẹ̀ bí àbàwọ́n funfun kan, ọmọ á sì máa wo àbàwọ́n náà dípò ẹja. Ẹ fi sáńdípépà ha á títí dídán rẹ̀ á fi lọ, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá kun ẹmọ́ṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Mítà 2.4 ni fífẹ̀ àwòrán, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5; gbogbo rẹ̀ kò tó mítà 4 onígun mẹ́rin, nítorí náà pẹ́ńtì á ṣẹ́ kù. Ẹ tọ́jú ìyókù. Bó ti wù kó rí, àwọn ọmọ á fọwọ́ pa á, ọwọ́ púfù-púfù àti ọwọ́ bísíkíìtì, ẹmọ́ṣọ̀n kò sì gba ìnù púpọ̀. Kíkùn ló máa gbà nígbà tó bá yá.

Ẹ̀rọ yìí kò nílò kí ọwọ́ kan ògiri rárá. A fi téèpù aláwọ̀ ewé lé ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 sí ògiri, a sì sọ fún àwọn òbí pé bí ọmọ bá dúró níbẹ̀ tó na ọwọ́, ẹja á wá. Ọ̀rọ̀ àrùn ló fà á: ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá.

Gbígbé e kọ́

Ìsàlẹ̀ àwòrán bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀, òkè rẹ̀ parí sí mítà 1.95. Ọmọ tó ń rákò á rí ti ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, tó dojú kọ ẹ̀gbẹ́, á rí ti òkè. Lẹ́ǹsì prọ̀jẹ́tọ̀ wà ní mítà 1.2 sí ògiri, ó ga ní mítà 2.2, a sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí lẹ́ǹsì ṣe gbọ́dọ̀ ga ju òkè àwòrán lọ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Inú ìwé rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i, kí ẹ tó gé páìpù.

Òjìji ni ìdí tí a fi gbé e súnmọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tó ga ní mítà 1.1 bá dúró ní ìlàjì mítà sí ògiri, òjìji orí rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 31 sílẹ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀ àwòrán pátápátá. Bó bá súnmọ́ ọn dé sẹ̀ǹtímítà 30, òjìji á gòkè dé sẹ̀ǹtímítà 73, èyí tí kò tíì bo nǹkan tó wà níwájú ojú rẹ̀. Àgbàlagbà tó ga ní mítà 1.7 tó bá dúró síbi kan náà pẹ̀lú ọmọ àkọ́kọ́ á bo àwòrán dé mítà 1.34, nítorí náà bẹ́ǹṣì kankan kò gbọ́dọ̀ wà láàárín prọ̀jẹ́tọ̀ àti ògiri. Prọ̀jẹ́tọ̀ lásán, tí ìwọ̀n throw rẹ̀ jẹ́ 1.5, á wà ní mítà 3.6 sẹ́yìn; òjìji á bo gbogbo eré náà.

Síìlì PVC kò lè gbé e. Ẹ bọ́ síìlì ibẹ̀, kí káfíńtà kan pákó 2-by-4 méjèèjì mọ́ igi òrùlé ní ìbú, kí ẹ wá fi bóòtù de ẹsẹ̀ páìpù mọ́ ọn. Ẹ má sì so ó mọ́ igi tí fáànù òkè so mọ́. Fáànù tó ń yí, tí abẹ rẹ̀ ò dọ́gba, á mi igi yẹn díẹ̀, mímì kékeré lókè á sì di jíjó àwòrán lára ògiri. Kinect tó wà lórí igi kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ níbi tí kò sí ọmọ.

Ẹ má lo keystone inú ẹ̀rọ láti tún àwòrán tó wọ́ ṣe. Ó ń pa ìmọ́ àwòrán, ó sì ń fi kún àkókò tí ìdáhùn fi ń dé. Ẹ fi omi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe títí yóò fi gún.

Ojú tó ń rí ọmọ

Ibí yìí ló gba ọpọlọ jù.

Kámẹ́rà lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ rò. Kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Àwòrán ara ògiri ń rìn, ó ń pa àwọ̀ dà, ara ọmọ pàápàá ń gba àwọ̀ tí prọ̀jẹ́tọ̀ ń tàn sí i. Kámẹ́rà kò ní mọ ọmọ yàtọ̀ sí ẹja. Bí a bá gba ọ̀nà infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, tí a fi iná 850 nanometer tan ògiri tí a sì dí ìmọ́lẹ̀ yòókù, àwòrán prọ̀jẹ́tọ̀ á pòórá lójú kámẹ́rà lóòótọ́. Àmọ́ lójú infrared, awọ ara èèyàn dúdú máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ aṣọ dúdú náà sì máa ń hàn bí aṣọ funfun. Ọwọ́ ọmọ níwájú ògiri funfun kò ní hàn kedere.

Kinect kì í wo àwọ̀. Ó ń tú àìmọye àmì infrared tíntìntín jáde, ó sì ń fi bí àwọn àmì náà ṣe yẹ̀ sí ṣírò bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ṣe jìnnà tó, ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ibi tó lè rí fẹ̀ ní dígírì 57, ó ga ní dígírì 43. A gbé e sí mítà 2.4 sí ògiri, ní gíga mítà 2.6, ó ń wo ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀ dé àárín àwòrán jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.8, ibi tó rí níbẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 3, ìyẹn ju àwòrán lọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ọmọ bá kẹ̀yìn sí i, ara rẹ̀ á bo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá nà sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ á hàn. Ọmọ kì í na ọwọ́ sísàlẹ̀ sí ohun tó ń wù ú, nítorí náà kò dí wa lọ́wọ́.

Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú àárín Kinect. Kámẹ́rà aláwọ̀ nìyẹn, a kò lò ó. Ìwọ̀n jíjìnnà nìkan la ń gbà lọ́wọ́ ìyókù, ètò wa kò sì tọ́jú àwòrán kankan sínú káàdì. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà, àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn sì ni ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ. A kọ ọ́ sí bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀rọ yìí kì í ya fọ́tò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé a kọ́kọ́ gba férémù (àwòrán ẹyọ kan) 60 nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níwájú ògiri, a fi wọ́n ṣe ògiri òfìfo. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá yọ síwájú ògiri ju mìlímítà 60 lọ, tí kò sì ju mìlímítà 450 lọ, èèyàn ni. Mìlímítà 60 yìí kì í ṣe àsọdá: Kinect máa ń ṣìṣe tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ní mítà 2.8, ọmọnílé tó bá ń gun ògiri kò sì yọ síwájú tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù sí 20, gbogbo ògiri á máa hó.

Ohun tó lè bà á jẹ́ nìyí.

Oòrùn. Infrared kún inú rẹ̀, ó sì ń gbé àmì Kinect mì pátápátá. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí kọjú sí ìlà-oòrùn, oòrùn àárọ̀ ń wọlé tààrà dé ara ògiri. Aṣọ ìkélé tó nípọn ló yanjú rẹ̀. Níbi tí Kinect kò bá ti rí nǹkan, 0 ló ń kọ sílẹ̀. Ètò tí kò bá ka 0 sọ́tọ̀ á gbà pé nǹkan wà ní ẹnu lẹ́ǹsì gan-an, ẹja gbogbo á sì ṣù jọ síbi oòrùn. Ẹ ní kó ka 0 sí ògiri.

Irun dúdú àti aṣọ olówó-ẹyọ tó ń dán. Irun ń mu infrared, owó-ẹyọ ń tàn án síbòmíràn, méjèèjì á dá ihò sí orí tàbí ẹ̀yìn ọmọ nínú àwòrán Kinect. Ẹ fi median 5 × 5, tó ń nu àmì àṣìṣe kéékèèké kúrò, kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ sì ṣe closing inú OpenCV (àkójọ kóòdù fún àwòrán), kó dí ihò tí ara èèyàn bá yí ká.

Ìgbóná. Ìwọ̀n Kinect ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí a bá tàn án títí ara rẹ̀ á fi gbóná tán. Bí ẹ bá gba ògiri òfìfo lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tàn án, kò ní bá ti agogo mẹ́wàá mu. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún 30 ìṣẹ́jú ná.

Ó ku bí ojú Kinect àti ojú àwòrán ṣe máa bára mu. Ètò á tan àgbélébùú mẹ́rin sí igun mẹ́rin ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé páálí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹra kúrò lójú Kinect, findHomography inú OpenCV á fi ibi mẹ́rin yẹn ṣírò ìyókù. Ẹ má fi bébà pẹlẹbẹ ṣe é: kò yọ síwájú tó mìlímítà 60, Kinect kò ní rí i. Nítorí pé òkè ni Kinect ti ń wò, ọwọ́ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ògiri á hàn bíi pé ó lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Páálí sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn ti gba àṣìṣe náà mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni ìdí tí a kò fi lo pákó tó tín-ín-rín.

Ètò inú Pi

Èdè kọ̀ǹpútà Python la fi kọ ọ́, pẹ̀lú libfreenect (tó ń ka Kinect), OpenCV àti pygame (tó ń gbé àwòrán jáde). A dín àwòrán Kinect kù sí 160 × 120 kí iṣẹ́ má pọ̀ jù fún Pi. Ní ìwọ̀n yẹn, píkísẹ́lì kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.9 lára ògiri, ọwọ́ ọmọ kékeré sì jẹ́ bíi píkísẹ́lì 16. Nítorí náà ohun tí kò bá tó 12 la jù nù. Ẹni tó bá gbé e sókè dé 40 kó lè mọ́ tónítóní ti yọ ọmọ ọdún méjì kúrò nínú eré náà.

Gbogbo àwòrán ẹja gbọ́dọ̀ gba convert_alpha() kọjá lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ètò bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pygame á máa tú wọn palẹ̀ ní gbogbo férémù, àwòrán á sì máa kẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ bá gbé ọwọ́ sí ìgbà tí ẹja bá yí, kó má tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré kò ní mọ̀ pé òun lòún ṣe é.

Nítorí pé iná lè lọ nígbàkígbà, ẹ tan Overlay File System nínú raspi-config (ibi tí a ti ń to Pi), kí Pi má máa kọ nǹkan sí káàdì. Káàdì tí iná bá lọ mọ́ lórí nígbà tó ń kọ nǹkan ló ń bàjẹ́. Àmọ́ ẹ rántí pé ohunkóhun tí ẹ bá yí padà lẹ́yìn náà, ìwọ̀n igun mẹ́rin pẹ̀lú, á pòórá bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa overlay, ẹ wọn ìwọ̀n, ẹ wá tún un tàn. Ètò fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ systemd pẹ̀lú Restart=always, tó ń jí i padà bó bá kú.

Prọ̀jẹ́tọ̀ máa ń pẹ́ jí ju Pi lọ. Bí Pi kò bá rí i nígbà tó ń jí, kò ní fi àwòrán ránṣẹ́ rárá. Ẹ kọ video=HDMI-A-1:1280x800@60D sínú cmdline.txt, fáìlì tí Pi ń kà nígbà tó bá ń jí; D yẹn ló ń fi ipá mú un. Ihò HDMI tó súnmọ́ ihò iná ni kí ẹ lò. Nínú prọ̀jẹ́tọ̀, ẹ tan Direct Power On, kó máa tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, kí nọ́ọ̀sì má máa wá rìmóòtù káàkiri láàárọ̀.

Odò àti igbá

Àwòrán méjì ló wà, wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Odò ni àkọ́kọ́: ẹja 24 nínú omi aláwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹja márùn-ún tó bá súnmọ́ ọmọ jù á wá bá a, wọ́n á máa yí ọwọ́ rẹ̀ po. Bí ọwọ́ bá ń yára, àwọn ẹja á fẹ àyè sílẹ̀. Bó bá rọra, wọ́n á súnmọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, síbẹ̀ àwọn ọmọ máa ń mọ èyí fúnra wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra na ọwọ́. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Ẹja kò gbọ́dọ̀ sá lọ tán, torí pé àwọn ọmọ kan wà tí apá wọn ń jà fúnra rẹ̀, tí wọn kò lè dá a dúró. Tiwọn náà á dúró tì wọ́n, ní àyè tó fẹ̀ díẹ̀. Kò sí máàkì, kò sí ẹni tó borí, kò sí ohun tó ń parí: ọmọ tí wọ́n bá pè lójijì kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ láìparí.

Igbá ni èkejì, òun la sì fẹ́ràn jù. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ la wò ṣe é. Ògiri á di àwọ̀ igbá tó ti gbó, bíi àwọ̀ oyin, láìsí nǹkan kan lára rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ọmọ bá gbà kọjá, ilà á fín síbẹ̀, ó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 8, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lára ògiri. Bí ọwọ́ bá dúró díẹ̀, ilà wẹ́wẹ́ tó ń dábùú ara wọn á kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí afíngbá ṣe ń ha ilẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí àwòrán lè yọ. Láti inú rẹ̀ ni ẹyẹ kan tàbí alángbá kan á ti jáde, á rìn ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, á sì padà di ilà. Ohun tí ọmọ bá fín á wà fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó tó máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mìíràn á sì rí àyè. Bí àwọn ọmọ méjì bá fín ilà wọn pàdé, ilà méjèèjì á so pọ̀ di ọ̀kan. A kò fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ibi tí tèmi-tìrẹ bá ti wọ̀ ọ́ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

A yọ ejò kúrò, bó tilẹ̀ wà lára igbá. A yọ ojú ńlá, a yọ ohunkóhun tó jọ eégún, a kò lo àwọ̀ pupa rárá, torí yàrá abẹ́rẹ́ wà nítòsí. Kò sí ohun tó ń yọ lójijì. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí ọmọ tó ní wárápá wà lára àwọn tó ń wá. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán ń lọ sókè sódò pẹ̀lẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 8 fún àlọ àti àbọ̀. A kò sọ fún ọmọ pé kó mí tẹ̀lé e.

Ìró àti bọ́tìnì nọ́ọ̀sì

Ohùn àgídìgbo márùn-ún péré ni, a yan wọ́n tí wọn kò fi ní ta kora bí ọmọ mẹ́fà bá ń ta á pọ̀. Ìró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bo ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Òbí tí kò bá gbọ́ "Mọ́mì Báríkà, ẹ wọlé" á pàdánù ìdúró rẹ̀, kò sì sí àwòrán tó lè tù ú nínú lórí ìyẹn.

Bọ́tìnì ńlá kan wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ìró á dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wá sílẹ̀ sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ẹja á máa wẹ̀ pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á padà bọ̀ sípò. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán kú pátápátá, ẹkún ni yóò tẹ̀lé e.

Wáyà mítà 8 láti tábìlì dé Pi á máa gba ariwo iná mọ́ra, pàápàá bí fíríìjì oògùn bá ń tan ara rẹ̀, Pi á sì rò pé ẹnìkan tẹ bọ́tìnì. Resistor inú Pi (nǹkan bíi 50 kΩ) kò lágbára tó láti dí i. Ẹ fi resistor 1 kΩ fa pín (ẹsẹ̀ Pi tí wáyà bọ́tìnì wọ̀) mọ́ fóòtì 3.3, ẹ fi capacitor 100 nF sáàárín rẹ̀ àti ground, lẹ́bàá Pi gan-an. Má ṣe lo fóòtì 5. Ó ń ba Pi jẹ́.

Iná

Prọ̀jẹ́tọ̀ ń jẹ wáàtì 230, Kinect 12, Pi 7, sípíkà 6, àpapọ̀ 255. Ilé ìwòsàn ń gba ọmọ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, wákàtí 6, ìyẹn wáàtì-wákàtí 1,530. Bátìrì wa gba 2,560; bí a bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí ìnfátà sì jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, nǹkan bíi 1,800 ló ń kù fún iṣẹ́. Ó tó ọjọ́ kan tí iná ìjọba kò bá wá rárá, ó sì ṣẹ́ kù wákàtí kan. Sítébíláísà gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìnfátà, kí iná tó bá rọ̀ tàbí tó ga jù má bà á jẹ́. Kí rẹ́wáyà fún gbogbo rẹ̀ ní fíúsì tirẹ̀, kí a má fi sórí okùn tí ẹ̀rọ inú yàrá ìtọ́jú wà.

Ohun tí yóò máa fẹ́ ìtọ́jú

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ọyẹ́ á fẹ́ eruku dí fíítà prọ̀jẹ́tọ̀. Ẹ yọ ọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ̀rọ á gbóná, á sì máa pa ara rẹ̀ láàárín agogo méjìlá sí ọ̀kan, nígbà tí gbọ̀ngàn kún jù. Lẹ́ǹsì Kinect náà ń gba eruku: bí ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Wáyà tí kò bá sí nínú páìpù PVC, eku inú síìlì á jẹ ẹ́.

Microsoft ti dáwọ́ ṣíṣe Kinect ti Xbox dúró láti 2017, nítorí náà ẹ ra èkejì sílẹ̀ nígbà tí tokunbọ̀ ṣì wà lọ́jà, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó sanwó: kí iná ewé iwájú rẹ̀ tàn, kí ojú àárín àti ojú ẹ̀gbẹ́ má ní ibi tó ti ha. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, igun mẹ́rin gbọ́dọ̀ di wíwọ̀n lọ́tun. Nínú káàdì mẹ́ta, ọ̀kan wà nínú Pi, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà pẹ̀lú bébà tí a kọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ sí, ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ rẹ́wáyà ilé ìwòsàn. Páálí sẹ̀ǹtímítà 10 náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n má dà á nù.